Ẹni Tí Wọn Ò Kan Ilẹ̀kùn Rẹ̀

Bí ẹ bá béèrè Cleon Bostick lọ́wọ́ àwọn ará Tarrow, wọn ò ní kọ́kọ́ sọ fún yín pé ó gbá bọ́ọ̀lù ọdún mẹ́fà láàárín àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Wọ́n á ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n Verdell ni. Bàrà kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀." Kì í ṣe ìyìn kékeré nìyẹn ní Tarrow. Ilẹ̀ yanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀, ní ìsàlẹ̀ Georgia, bàrà olómi ló sì mọ̀ ọ́n hù jù. Bí oṣù kẹfà bá ti dé, gbogbo bàrà á gbó lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá lè hán bàrà lákòókò náà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni títí oòrùn oṣù keje yóò fi rọlẹ̀.

Ìyá Cleon ti lọ wá iṣẹ́ sí Detroit nígbà tí ọmọ náà wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Lẹ́tà àti aṣọ ló ń padà wá láti ibẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò padà wá gbé. Àbúrò rẹ̀, Verdell Bostick, ló tọ́ Cleon. Obìnrin tó ga, tí kì í yára sọ̀rọ̀, ni Verdell, òun ló sì ń darí ìlà àwọn tó ń kó bàrà lóko. Ẹni tó mú ọ̀bẹ á ṣáájú, á gé ìdí bàrà, á sì yí ikùn rẹ̀ tó funfun sókè. Ẹni tó tẹ̀lé e á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á gbé e, á jù ú sí ẹni kejì. Ẹni kejì á jù ú sí ẹni kẹta, títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó ń tò ó sínú ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì iléèwé àtijọ́ ni ọkọ̀ ọ̀hún, wọ́n ti gé òrùlé rẹ̀ àti fèrèsé rẹ̀ kúrò. Á máa rìn jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Kì í dúró.

Bàrà kan lè wúwo bí ọmọ ọdún méjì. Ẹni tó bá na ọwọ́ gan-an dè é, á fọ́ mọ́ ọn láyà. Èèyàn ní láti jẹ́ kí ọwọ́ òun bá a rìn sẹ́yìn díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń gba ọmọ tó ti sùn lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Òfin méjì péré ni Verdell ní lórí ìlà. Èkíní ni pé, "Má wo ọkọ̀. Wo bàrà títí á fi dákẹ́ lọ́wọ́ ẹ." Èkejì ni pé ẹni tí bàrà bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní jiyàn, kò sì ní tọrọ gáfárà. Àwọn ará ìlà á pín ọkàn bàrà tó fọ́ náà jẹ, àárín pupa yẹn nìkan, wọ́n á sọ ìyókù nù. Ẹni tó jù ú sílẹ̀ á lọ sí ìdí ìlà, níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé e, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí bọ́ọ̀sì yóò fi kún.

Cleon jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí ó kọ́kọ́ jù ú sílẹ̀. Ó ní oòrùn ló ta sí òun lójú.

"Oòrùn yìí náà ni gbogbo wa ń lò," ni Verdell wí. "Lọ sí ìdí ìlà."

"Àǹtí, títí dìgbà wo?"

"Bọ́ọ̀sì á sọ fún ẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án títí di ọ̀sán. Nígbà tó délé, kò lè jókòó, kò lè nàró. Verdell fi òróró pa ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì bu ẹ̀pà sísè fún un.

Ọwọ́ yẹn ló gbé e dé iléèwé, tó fi di ahánbọ́ọ̀lù. Nínú eré wọn lọ́hùn-ún, bọ́ọ̀lù kì í ṣe róbótó. Orí rẹ̀ méjèèjì ṣe ṣóńṣó. Ẹnì kan á jù ú lókèèrè, ahánbọ́ọ̀lù á ti sáré lọ dè é, àwọn ọkùnrin tó tóbi jù ú lọ á sì ti máa sáré bọ̀ láti wá gbé e ṣánlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ̀ ọ́n sá. Ọ̀pọ̀ ló mọ̀ ọ́n hán pẹ̀lú, bí ẹnikẹ́ni kò bá sí nítòsí. Cleon kò yára ju gbogbo wọn lọ, ó sì tínrín bí igi ẹ̀wà, àmọ́ bọ́ọ̀lù tó bá ti kan ọwọ́ rẹ̀, ó ti délé nìyẹn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn èèyàn dúdú kan ní Alabama fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí rẹ̀. Nígbà tó jáde, tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń pe orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́, wọ́n pe orúkọ fún ọjọ́ méjì, wọn ò pe tirẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ní àríwá kàn tẹ̀ ẹ́ láago pé kó wá fi ara rẹ̀ hàn, wọ́n á wò ó.

Ọdún àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Ọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tó ń tọ́jú bàtà àti aṣọ eré. Òun ni wọ́n máa ń rán láàárọ̀ kùtùkùtù sí àwọn tí wọn ò fẹ́ mọ́. Á kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, á sì sọ gbólóhùn kan ṣoṣo: "Kóòṣì fẹ́ rí ẹ. Mú ìwé ẹ wá." Ìwé tí wọ́n kọ gbogbo ètò eré sí ni, kò gbọdọ̀ bá ẹni tó ń lọ lọ. Mú-Ìwé-Ẹ-Wá ni àwọn agbábọ́ọ̀lù ń pè é lẹ́yìn, wọn kì í sì í jókòó tì í nídìí oúnjẹ. Ó kan ilẹ̀kùn Cleon ní ọjọ́ Tuesday kan. Kó tó di ọ̀sán, Cleon ti wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí gúúsù.

Ó ṣiṣẹ́ lórí ìlà ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó sì ń sáré lórí yanrìn nírọ̀lẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà tún pè é, ó jókòó ti àǹtí rẹ̀ ní iwájú ilé. Ilé ìkóbàrà-sí tó wà lẹ́bàá ojú irin ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n ti ní àwọn á dúró de Cleon di ìparí oṣù kẹjọ. Iṣẹ́ tó dáa ni, iṣẹ́ tí èèyàn lè fi kọ́lé.

"Ẹ̀ẹ̀kan yìí ló kù," ni Cleon wí. "Bí wọ́n bá tún dá mi padà, mi ò lọ mọ́. Màá gba iṣẹ́ yẹn."

Verdell ń bó ẹ̀wà. "Mo gbọ́," ló wí. "Bó o bá ń lọ, máa lọ."

Ahánbọ́ọ̀lù mọ́kànlá ni wọ́n kó jọ sí ibùdó ìgbáradì lọ́dún náà. Àyè márùn-ún ló wà. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni gbogbo ayé ti mọ ẹni tó ni ín, nítorí náà àwọn méje ló ń du ẹyọ kan. Ilé kan ni wọ́n fi wọ́n sí, méjì méjì nínú yàrá. Ẹni tó bá Cleon gbé ni Rudy Vavra, ọmọ àgbẹ̀ láti Nebraska, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó dúró níwájú kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá lọ.

"Bostick, o tún ti di báàgì ẹ?" ni Rudy máa ń wí láràárọ̀.

"Mo fẹ́ kó wà ní sẹpẹ́ ni."

"Ìwọ lò ń pe Mú-Ìwé-Ẹ-Wá. Ẹni tó bá tẹ́ ẹní sílẹ̀, àlejò á wá sùn sórí ẹ̀."

"Ìwọ tí o ò di tìẹ, ṣé ẹ̀rù ò bà ẹ́?"

"Ẹ̀rù ń bà mí. Aṣọ ni mi ò ní tó báàgì."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n máa ń gbá ìdánrawò kí wọ́n tó yan èèyàn. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí Cleon, kò sí ẹnì kankan láàárín òun àti òpin pápá. Irú àyè bẹ́ẹ̀ kì í wá lẹ́ẹ̀mejì. Bọ́ọ̀lù náà bà lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì bọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Kóòṣì Stroud, tó ń kọ́ àwọn ahánbọ́ọ̀lù, ọkùnrin àgbà tó ń tiro, kò pariwo. Ó kọ nǹkan kan sínú ìwé rẹ̀, ó sì pa á dé. Ìyẹn ló dun Cleon jù.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Ó tẹ àǹtí rẹ̀ láago ní ìrọ̀lẹ́, láti ìdí fóònù tó wà lẹ́nu àtẹ̀gùn. Ó gbọ́ ariwo ìkòkò.

"Àǹtí, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Mo gbọ́ ọ lóhùn ẹ kó o tó sọ ọ́. Kí lò ń wò?"

"Mò ń wò ó bóyá ẹnì kan ń bọ̀ wá gbá mi lulẹ̀."

"Rárá."

Cleon gbọ́ tí Verdell ń ṣí ìkòkò.

"Ọkọ̀ lò ń wò," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Àǹtí, kò sí ọkọ̀ níbí."

"Kò síbi tí ọkọ̀ ò sí. O ti ń wo ibi tó o máa gbé e dé kó tó dé ọwọ́ ẹ. Ṣé o ti lọ sí ìdí ìlà?"

"Wọn ò ní ìdí ìlà níbí."

"Irú ìlà wo ni kò nídìí? Lọ wá a. Ẹ̀pà mi ń hó dànù." Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Cleon dúró lẹ́nu àtẹ̀gùn pẹ́. Ó ń ro ó bí ẹni ń ro ìṣirò: níbo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú eré yìí? Ó sì wá rí i. Bí ẹgbẹ́ kan bá gbá bọ́ọ̀lù jìnnà sí èkejì, àwọn kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ sá eré àsápajúdé la gbogbo pápá já láti lọ gbé ẹni tó bá mú un ṣánlẹ̀. Eegun ló ń pàdé eegun níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ wọn, kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò wọn. Ahánbọ́ọ̀lù tó bá mọ iyì ara rẹ̀ kì í lọ síbẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá tì í.

Ní àárọ̀ Monday, ó lọ dúró de Kóòṣì Stroud lẹ́nu ọ̀nà pápá.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sára àwọn tó ń sáré lọ bá bọ́ọ̀lù tá a bá gbá dànù."

Stroud wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ta ló rán ẹ?"

"Àǹtí mi ni, sà."

"Ṣé agbábọ́ọ̀lù ni àǹtí ẹ?"

"Rárá sà. Bàrà ni wọ́n ń kó."

Stroud fọwọ́ nu ẹnu, bóyá ẹ̀rín ló ń nù kúrò. "Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Àwọn ahánbọ́ọ̀lù tó fúnra wọn wá tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ mi ò ju mẹ́ta lọ. Pẹ̀lú ara tìẹ yìí, wọ́n á ṣẹ́ ẹ bí igi ìṣáná."

"Ẹ̀yìn mi ti mọ ìbẹ̀rẹ̀, sà."

Wọ́n fi í síbẹ̀. Ní ìdánrawò tó kẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni Cleon kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mú un. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ gbá ọkùnrin náà ní orúnkún, bí ẹni fẹ́ gbé bàrà nílẹ̀, ọkùnrin náà sì wó lé e lórí. Nígbà tó dìde, ètè rẹ̀ ti là. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, wọ́n ju bọ́ọ̀lù kan sí i, bọ́ọ̀lù kúkúrú tí kò ní láárí. Ó wò ó títí ó fi dákẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè. Wọ́n gbé e ṣánlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sì sí ẹni tó pàtẹ́wọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọjọ́ ìyàn. Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Rudy dìde jókòó. Cleon ti wọṣọ tán, báàgì rẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ìwé ètò wà lórí itan rẹ̀. Wọ́n gbọ́ tó kan ilẹ̀kùn yàrá kejì. Wọ́n gbọ́ tó kan ti ẹ̀gbẹ́ wọn. Ìró ẹsẹ̀ náà dúró níwájú ilẹ̀kùn tiwọn, ó sì kàn án lẹ́ẹ̀mejì.

Cleon ló ṣí i, ó ti na ìwé rẹ̀ síwájú. Mú-Ìwé-Ẹ-Wá kò gbà á. Ó wo bébà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ẹni tó wà lẹ́yìn Cleon.

"Vavra," ló wí. "Kóòṣì fẹ́ rí ẹ. Mú ìwé ẹ wá."

Rudy bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Cleon sì bá a wá a. Ìwọ̀nba aṣọ rẹ̀ wọ inú báàgì ní ìṣẹ́jú kan. Ó fi agolo bísíkíìtì tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i sílẹ̀ fún Cleon, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Bó bá padà wá wá ẹ," ni Rudy wí lẹ́nu ọ̀nà, "sọ fún un pé o ò sí nílé."

Àwàdà ni. Àmọ́ ohun tí Cleon gbọ́ níbẹ̀ ni "bó bá padà wá." Ó padà lọ jókòó. Wọ́n ti kọ́ ọ ní Tarrow pé ẹni tí wọ́n bá rán èèyàn sí kì í jẹ́ kí ìránṣẹ́ wá lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìlú bá mọ̀ pé ìròyìn òkú kan wà lọ́nà, tàbí ìwé kan, tàbí pásítọ̀ pàápàá, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á jókòó sílé, á wọṣọ, á sì dúró. Kí èèyàn máa jẹun kiri nígbà tí wọ́n ń wá a, ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Nítorí náà, nígbà tí agogo oúnjẹ àárọ̀ lù, Cleon kò lọ. Aago mẹ́jọ lù, aago mẹ́wàá lù. Ẹsẹ̀ kọjá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò dúró. Ó ronú kan iṣẹ́ ilé ìkóbàrà-sí, àwọn àpótí tó tò dé òrùlé, àti bí yóò ṣe kí àwọn èèyàn nígbà tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò burú. Ó fi bísíkíìtì mẹ́ta mu omi.

Aago kan ti lù nígbà tí ẹnì kan fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn láìkàn án. Ìyáàfin Ionia Pugh ni, obìnrin àgbà tó ń tún yàrá wọn ṣe, pẹ̀lú korobá àti ìnulẹ̀ rẹ̀.

"Kí lò ń ṣe níbí?" ló wí. "Àwọn tó ń lọ ti lọ. Àwọn tó kù wà ní pápá."

"Mò ń dúró ni, mà. Wọn ò tíì kan ilẹ̀kùn mi."

Obìnrin náà fi ìnulẹ̀ dúró. Ó wo báàgì, ó wo ìwé, ó wo ètè rẹ̀ tó là. "Láti ìgbà wo?"

"Láti aago mẹ́fà, mà."

"Níbo ni wọ́n ti bí ẹ?"

"Georgia, mà. Tarrow."

"Mo mọ̀ pé ibì kan báyìí ni. Alabama ni èmi. Kò sí ẹlòmíì tó máa jókòó de ìránṣẹ́ tí wọn ò rán, àfi àwa." Ó gbé korobá sílẹ̀. "Ọmọ mi, fetí sílẹ̀. Ọdún kọkànlá mi rèé nílé yìí. Ẹni tó ń lọ ni wọ́n ń kan ilẹ̀kùn fún. Ẹni tó kù, kò sẹ́ni tó ń sọ fún un. Wọ́n rò pé ó mọ̀."

Cleon wò ó. "Ṣé mo kù, mà?"

"Ṣé mo gbá bọ́ọ̀lù rí ni? Ohun tí mo mọ̀ ni pé bẹ́ẹ̀dì kan ni wọ́n ní kí n ká aṣọ orí ẹ̀ nínú yàrá yìí. Ti ọmọ ńlá yẹn ni. Wọn ò dárúkọ tìẹ. Dìde lórí ẹ̀, jẹ́ n ráyè tẹ́ ẹ."

Ó sáré dé pápá pẹ̀lú bàtà tí kò so okùn rẹ̀ tán. Gbogbo ẹgbẹ́ ti wà níbẹ̀, ahánbọ́ọ̀lù mẹ́rin tò sórí ìlà, àyè kan sì ṣófo lẹ́yìn wọn. Kóòṣì Stroud tiro wá bá a.

"Ibo lo wà láti àárọ̀?"

"Mò ń dúró dè yín, sà, kẹ́ ẹ wá lé mi."

Àwọn mẹ́rin yẹn bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn jókòó sílẹ̀. Stroud kò rẹ́rìn-ín. "Ìlọ àti àbọ̀ pápá, ogún," ló wí. "Nítorí pé o pẹ́ dé. Lẹ́yìn náà, wá sí àyè ẹ." Cleon sá ogún náà tán, wọ́n ní kò sí ẹni tó tíì rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ sí ìyà.

Nígbà tó tẹ Verdell láago ní ìrọ̀lẹ́, ó ní kí ó bá òun sọ fún àwọn ilé ìkóbàrà-sí pé kí wọ́n má dúró de òun mọ́.

"Mo ti sọ fún wọn," ni Verdell wí.

"Nígbà wo?"

"Ọjọ́ Monday."

"Monday? Àǹtí, èmi fúnra mi ò tíì mọ̀ lọ́jọ́ Monday."

"O ti wà ní ìdí ìlà lọ́jọ́ Monday. Ó parí síbẹ̀."

Ọdún mẹ́fà ló fi wà ní àyè karùn-ún yẹn. Bọ́ọ̀lù mẹ́rìnlélógójì ló hán ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àwọn kan wà tí wọ́n ń hán jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọdún kan. Tirẹ̀, kò sí ọ̀kan tó bọ́ mọ́ lẹ́yìn ti ìdánrawò yẹn. Ìyókù iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún keje, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó sì yé òun fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn. Ó mú ìwé rẹ̀ lọ bá wọn, ó dúpẹ́, ó kí Ìyáàfin Pugh, ó sì wọ bọ́ọ̀sì gúúsù.

Ó fẹ́ olùkọ́ ìṣirò kan níbẹ̀, ó sì di kóòṣì iléèwé Tarrow. Ní oṣù kẹfà, orí bọ́ọ̀sì tí kò lórùlé ló máa ń wà, nítorí orúnkún, á máa to bàrà. Verdell ti di arúgbó; orí àga ló ń jókòó sí lábẹ́ igi pẹ́kánì, àmọ́ òun náà ló ṣì ń sọ pé "Lọ sí ìdí ìlà," bí ó bá gbọ́ ìró bàrà tó fọ́.

Àwọn kóòṣì ìlú mìíràn máa ń lẹ orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bá yàn mọ́ ara ògiri, kí ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ lọ sunkún níbi tó wù ú. Cleon kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò bá yàn, á pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tó ṣáájú, á bá wọn jókòó, á sọ ohun tó kù fún wọn láti ṣe. Àwọn tó bá yàn, ilé wọn ló ń lọ. Ní àárọ̀ Saturday ìparí oṣù keje, á wọ ọkọ̀ rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ láti òpin ìlú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kan ilẹ̀kùn.

Ní ọdún tó kọjá, ìyá ọmọ kan ló jáde sí i pẹ̀lú aṣọ ìsùn, ojú rẹ̀ wú.

"Cleon Bostick, aago mẹ́fà ààbọ̀ nìyí. Ṣé o ò lè fi ránṣẹ́ lórí fóònù bí àwọn èèyàn gidi?"

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò fẹ́ kó jókòó máa dúró ni."

"Dúró kẹ̀? Láti aago mẹ́rin ló ti wọ bàtà." Ó yí ojú sínú ilé. "Jáde wá. Wọ́n ti kan ilẹ̀kùn ẹ."